Òórùn Ọsàn Tí Opó Fi Jáde

Bí mo bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń bó ọsàn, ẹsẹ̀ mi a máa dúró fúnra rẹ̀. Kì í ṣe pé òùngbẹ ń gbẹ mí. Òórùn yẹn ni, èyí tó máa ń sá wọ imú ẹni nígbà tí ọ̀bẹ bá kọ́kọ́ kan ara ọsàn, tí omi tín-ín-tín a ta jáde lára èèpo, tí a sì ta sí ẹni tó bá sún mọ́ ọn lójú. Lẹ́sẹ̀kan náà ni yóò gbé mi padà sí Ọ̀fà Garage, ní Ìlọrin, lọ́dún tí náírà àti kọ́bọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àwọn ìyá àgbà ṣì ń fi ṣílè àti tọ́rọ́ ná ọjà. Àwọn obìnrin a jókòó sórí àpótí létí ọ̀nà, wọn a máa bó ọsàn fún èrò ọkọ̀ tó ń lọ sí ìhà gúúsù. Èèpo a máa já bọ́ lọ́wọ́ wọn ní ọ̀já gígùn kan ṣoṣo, a kún ilẹ̀, mọ́tò a tẹ̀ ẹ́, òórùn rẹ̀ a sì dàpọ̀ mọ́ ti bẹntiróò àti eruku ọyẹ́. Bí o bá gbé Ìlọrin rí nígbà náà, o mọ òórùn tí mò ń sọ.

Tíṣà kẹ́mísírì ni mí nígbà náà, ní ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin kan. Ọmọbìnrin Ọ̀mù-Àrán ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, orí mi sì wú díẹ̀. Kí n má purọ́, ó wú gan-an. Yàrá kan ni mo gbà nínú agboolé àwọn Mùsùlùmí lẹ́yìn Táíwò Road, níbi tí ohùn àwọn ọmọ kéú ti máa ń jí mi kí àkùkọ tó kọ. Èmi nìkan ni mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú ilé náà, bí mo bá sì ti ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ìyá ilé a bi mí bóyá mo rántí bá wọn gbàdúrà. Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè mí. Mo ní àfẹ́sọ́nà kan ní Kàdúná, ẹni tí ìdílé mi àti ìdílé rẹ̀ jọ fọwọ́ sí. Ó fi lọ́fíńdà kan ránṣẹ́ sí mi nínú ìgò aláwọ̀ búlúù, ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun fẹ́ kí n máa fín in. Àràárọ̀ ni mo ń fín in.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ló fa ọ̀rọ̀ èèpo ọsàn. Wọ́n rò pé ìlú òyìnbó nìkan ni kẹ́mísírì ti ń ṣẹlẹ̀. Mo wá ń rò ó pé bí mo bá lè fa òróró olóòórùn inú èèpo ọsàn jáde níwájú wọn, wọn a mọ̀ pé ohun tí àwọn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Ọ̀fà Garage ló wà nínú ìwé. Ìwé mi sọ bí a ṣe ń ṣe é: kí a fi ooru omi gbígbóná gba inú èèpo kọjá, ooru náà a gbé òróró dání, kí a sì mú un tutù kó di omi padà, òróró a léfòó, omi a wà nísàlẹ̀. Ó rọrùn lójú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ omi ilé ẹ̀kọ́ wa kì í yọ lásìkò ọyẹ́, ni mo bá kó gbogbo rẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé agboolé.

Ẹ̀yìnkùlé yẹn náà ni fèrèsé opó kan wà. Ọkọ rẹ̀ ń wa lọ́rì, ọsàn ló sì sábà ń kó. Ibà ọjọ́ mẹ́ta péré ló mú un lọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ọsàn ọdún náà, wọn kò sì tíì bímọ. Ó fi ọdún bíi mélòó kan jù mí lọ, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Kí ọkọ tó fẹ́ ẹ, ó wà lára àwọn tó ń bó ọsàn ní Ọ̀fà Garage. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ojoojúmọ́ ni ọkùnrin náà ń wá ra ọsàn lọ́wọ́ òun, nígbà tí ọsàn kún inú lọ́rì rẹ̀ fọ́fọ́. Bí ó bá ti sọ dé ibẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò sì yí ojú sí ògiri. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni yóò fi ṣe opó gẹ́gẹ́ bí òfin ẹ̀sìn wọn. Kò gbọdọ̀ jáde nílé láìnídìí, kò gbọdọ̀ lé tìróò, kò gbọdọ̀ fín lọ́fíńdà. Ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ń wo èmi ọ̀mọ̀wé bí mo ṣe ń dára mi lágara.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe èèpo ọsàn nílé wa: a ó sá a sóòrùn títí yóò fi le, a ó sì máa sun ún lálẹ́ láti lé ẹ̀fọn. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe. Mo kó èèpo jọ, mo sá a sórí páànù fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, inú mi sì ń dùn bó ṣe ń gbẹ. Nígbà tí mo wá sè é, omi lásán ló jáde, pẹ̀lú òróró kékeré lójú rẹ̀ tí kò tó ohun tí kòkòrò lè fi pa ìyẹ́. Opó wò mí títí.

“Tíṣà,” ó ní, “ta lo rò pé ó gba òórùn tó ń ta wá nímú láti ọ̀sẹ̀ kan yìí?”

Mo wo òkè. Oòrùn ni. Gbogbo ohun tí mò ń wá ni mo ti fi tọrẹ fún ojú ọ̀run lórí páànù, èmi tí mo gboyè kẹ́mísírì. Ojú tì mí débi pé mo bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì ni ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí àwọn ará ilé gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá mi ṣiṣẹ́. Mo gbé ọsàn tútù wá, mo sì ń gé èèpo rẹ̀ ní gígé tó nípọn. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Funfun inú èèpo ni ó ní kò wúlò, torí òun ló ń mu òróró bí ìgbà tí fóòmù ń mu omi. Bí ó ṣe ń bó o, èèpo náà fẹ́lẹ́ débi pé mo rí ìka rẹ̀ láti òdìkejì. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú lábù wa tó lè ṣe ohun tí ọwọ́ yẹn ń ṣe.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá ilé fi sọ pé ọwọ́ opó ń ta sánsán. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Bàbá Àáfà lọ, àgbà tó jẹ́ olórí agboolé. Bàbá pè é, ó ní kó na ọwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀ láti òkèèrè, ó sì fi tẹ̀súbáà rẹ̀ lé orí eékún.

“Òórùn iṣẹ́ nìyí,” ó ní. “Kì í ṣe òórùn ọ̀ṣọ́. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀.”

Ìgbà tó kù bíi oṣù méjì kó parí opó ni mo tó mọ ìdí tó fi ń bá mi ṣe é tọkàntọkàn bẹ́ẹ̀. Nínú agboolé náà, lọ́jọ́ tí opó bá máa jáde, àwọn ìyá ilé a wẹ̀ ẹ́, wọn a wọ̀ ọ́ láṣọ tuntun, wọn a sì tẹ́ ẹní fún un lágbàlá. Bí ọkùnrin kan nínú ẹbí ọkọ bá fẹ́ fi í ṣaya, yóò ti gbé lọ́fíńdà sórí ẹní náà. Bí opó bá fi para, ó gbà nìyẹn. Kò sì gbọdọ̀ dìde níbẹ̀ láìfín ohunkóhun, torí opó tí kò fín ara rẹ̀ kò tíì jáde. Àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń ta aṣọ ní Táíwò Road, ti sọ fún àwọn àgbà pé òun yóò gbé lọ́fíńdà wá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sì ní ìyàwó kan nílé. Bàbá opó ti kú, ìyá rẹ̀ wà ní abúlé kan lọ́nà Malete, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì ti ní kó gbà fún ọkùnrin náà kí àwọn lè sùn.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n ra ọ̀kan fún yín ní ṣọ́ọ̀bù.”

“Wọn á ní tíṣà oníṣọ́ọ̀ṣì ló tì mí,” ó dáhùn. “Èyí tí ẹlòmíràn bá rà, ti ẹni tó rà á ni. Àmọ́ èyí tí mo bá fi ọwọ́ ara mi ṣe, ta ni yóò ní òun ló fún mi?” Ó fi imú fa òórùn tó wà lára mi. “Tíṣà, èyí tí ìwọ ń fín yìí ńkọ́? Ṣé ìwọ lo yàn án?”

Mo ṣe bí ẹni pé omi ti ń hó, mo dìde lọ wò ó.

Láti ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ náà ti yí padà lójú mi. Mi ò wá ohun tí n óò fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Mò ń wá òróró tó máa kún ìgò kan kí ọjọ́ tó pé. Kẹ́tù ńlá kan ni ìkòkò wa. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ tú páìpù bàbà kan lára lọ́rì rẹ̀ tó ti dákẹ́, a fi ọṣẹ dúdú àti eérú fọ̀ ọ́ títí òórùn bẹntiróò fi tán, a fi í sẹ́nu kẹ́tù, a sì jẹ́ kó gba inú bàsíà omi tútù kọjá. Ó máa ń fi ọwọ́ pa páìpù náà kí a tó dáná. Mo kọ́kọ́ fi amọ̀ dí ẹ̀gbẹ́ ìdérí, gbogbo òróró sì ń rùn bí ilé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Òun ló po èlùbọ́ tó fi dí i, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń dí ẹnu ìkòkò tó bá ń fi ooru se nǹkan. Èmi ń da èèpo sínú omi. Òun ló ní kí a to igi wẹ́wẹ́ sínú kẹ́tù, kí èèpo jókòó sórí igi, kí omi wà nísàlẹ̀, kí ooru nìkan máa kàn án. Èmi ń fẹ́ná kó tètè jó, òróró sì ń jáde pẹ̀lú òórùn ọsàn jíjóná.

“Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́,” ó ní, ó sì fi ẹ̀mú yọ èédú mẹ́ta sọ nù.

Èmi náà kò kúkú jókòó lásán. Mo ní ìwé kan tí mò ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: ìgbà tí a dáná, ìgbà tí ẹ̀kán àkọ́kọ́ bọ́, iye ẹ̀kán òróró tí mo fi dírọ́pà fà. Ìwé yẹn ló fi hàn wá pé láàárín wákàtí kan àkọ́kọ́ ni òróró fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, àti pé ohun tí a ń sè lẹ́yìn ìyẹn kàn ń ba adùn èyí tó wà nílẹ̀ jẹ́ ni. Ìwé yẹn ló fi hàn wá pé ọsàn tí a bó láàárọ̀ tí a sì sè láàárọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fún wa ní ìlọ́po méjì èyí tí a bó lánàá. Mo kíyè sí i pé bí omi bàsíà bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, òróró ń sá lọ pẹ̀lú afẹ́fẹ́, ni mo bá ń bu omi inú àmù rọ́pò rẹ̀ léraléra. Ọwọ́ rẹ̀ àti ìwé mi jọ ń ṣe é. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíṣà lẹ́yìn náà, mi ò tún rí ẹni tí èmi àti rẹ̀ jọ ṣiṣẹ́ dùn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo wá fọwọ́ ara mi bà á jẹ́. Nọ́ọ̀sì kan fún mi ní ìgò abẹ́rẹ́ tó ti ṣófo, tó ní ìdérí rọ́bà. Opó ní kí a gé igi dí i. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìgò ilé ìwòsàn ni èyí, afẹ́fẹ́ kan ò lè wọ ibẹ̀.” Mo gbé e sójú fèrèsé mi, nítorí ó wù mí láti máa wo bí oòrùn ṣe ń tàn nínú rẹ̀. Mo ti kà á pé òróró èèpo ọsàn ń jẹ rọ́bà. Mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kó jáde nígbà tí a ṣí i láti wò ó: rọ́bà ti wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi, ó ti yọ́ sínú òróró, ohun tó kù sì ń fà bí oje igi. Ó gbé ìgò náà símú.

“Táyà lọ́rì ọkọ mi ló ń rùn yìí,” ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún.

Ìgbà ọsàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá. Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé, mo gbé abọ́ ńlá kan, mo lọ sí Ọ̀fà Garage. Ọsàn tó wà lórí igbá kò pọ̀, ó sì ti ń rọ. Mo lọ bá àgbà nínú àwọn tó ń bó ọsàn, mo sọ fún un ẹni tí mo wá gba èèpo fún, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Ìyá náà kọjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

“Ọmọ wa ni o,” ó ní. “Ẹ bó o fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kí èèpo kankan má kanlẹ̀.”

Láti òwúrọ̀ yẹn títí di ọ̀sán gangan, gbogbo ọsàn tí èrò ọkọ̀ rà, inú abọ́ mi ni èèpo rẹ̀ ń bọ́ sí, mo sì ń fi aṣọ tútù bò ó. Bíbó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í yá. Ọkùnrin kan ń pariwo pé, “Ìyá, ọkọ̀ ń lọ o!” Ìyá ní, “Ẹ jẹ́ kó máa lọ, òmíràn ń bọ̀.” Nígbà tí mo gbé abọ́ mi dìde, ó fà mí láṣọ. “Sọ fún un pé àyè àpótí rẹ̀ ṣì wà níbí.”

Ọ̀sán ọjọ́ náà la sè é. Òun ló dáná, òun ló dí kẹ́tù, èmi kàn ń pààrọ̀ omi. Nígbà tí wákàtí kan pé, ó yọ iná kúrò fúnra rẹ̀ láìwo aago mi. Ohun tí a rí kò tó ṣíbí kékeré kan, àmọ́ ó mọ́ gaara, ó sì ń ta sánsán bí ìgbà tí ọ̀bẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ọsàn. Ó dà á sínú ìgò tìróò rẹ̀ tó ti ṣófo, ó fi igi tó gbẹ́ dí i, ó sì fi aṣọ dúdú wé e kí oòrùn má rí i.

Ní ọjọ́ ìjáde rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní sí àgbàlá kí oòrùn tó mú. Lọ́fíńdà àbúrò ọkọ wà lórí ẹní nínú páálí aláwọ̀ wúrà, ọkùnrin náà sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Àáfà nínú aṣọ funfun. Wọ́n mú opó jáde nínú aṣọ tuntun. Àgbà nínú àwọn ìyá ilé ṣí páálí náà, ó nà án sí i. Opó kò gbà á. Ó tú kókó etí aṣọ rẹ̀, ó yọ ìgò tìróò, ó fi òróró kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi kan ọrùn, ó fi kan ẹ̀yìn etí. Òórùn náà tàn ká àgbàlá débi pé àwọn ọmọ kéú gbé ojú sókè lórí wàláà wọn.

“Ta ló fún ọ nìyẹn?” ìyá ilé bi í.

“Ọwọ́ mi ni, Ìyá.”

Bàbá Àáfà ka tẹ̀súbáà rẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ó ti fín ara rẹ̀. Ó ti jáde. Ẹ palẹ̀ tọ̀hún mọ́.” Àbúrò ọkọ dìde, ó wá mú páálí rẹ̀. Mo rò pé yóò bínú. Ó dúró níwájú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó mí sínú, ojú rẹ̀ sì yí padà.

“Òórùn ẹ̀gbọ́n mi nìyí,” ó ní. “Bó ṣe ń rùn nìyí bí ó bá ti ọ̀nà dé.” Ó fi etí agbádá nu ojú, ó sì wọlé.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, obìnrin náà ti padà sórí àpótí rẹ̀ ní Ọ̀fà Garage. Ìparí ọdún náà ni mo ṣègbéyàwó, mo sì kó lọ sí Kàdúná. Ó wá sin mí wọkọ̀, ó bó ọsàn méjì fún mi, ó sún mọ́ mi láti fún mi, ó sì gbóòórùn lọ́fíńdà inú ìgò búlúù lára mi. “Tíṣà,” ó ní, “o ò tíì dá mi lóhùn o.” Mo rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ gbéra. Lẹ́tà méjì ni mo kọ, èsì kò dé. Nígbà tí mo padà sí Ìlọrin lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Ọ̀fà Garage ti tán. Ẹnì kan ní ó ti lọ sí ọ̀nà Malete lọ́dọ̀ àwọn ìyá rẹ̀, mo dé Malete, ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tí mò ń wá. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Ó ń sọ mí ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún ọ lọ.

Èèyàn dáadáa ni ọkọ mi, Ọlọ́run bù kún wa, mi ò sì ní ẹ̀sùn kankan sí i. Òun ló yan ìgò búlúù yẹn títí ó fi kú, bí ọ̀kan bá ti tán ni yóò ra òmíràn, èmi náà kò sì sọ ohunkóhun rí. Ní òwúrọ̀ tí mo bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀, mo na ọwọ́ sí ìgò náà, ọwọ́ mi kò dé ibẹ̀. Ilé ìdáná ni mo lọ. Mo mú ọsàn kan, mo bó o fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí Ẹ̀gbọ́n ṣe kọ́ mi, mo tẹ èèpo náà mọ́ ọrùn ọwọ́ mi méjèèjì.

“Màámi, lọ́fíńdà wo lẹ fín yìí?” ọmọ mi obìnrin bi mí.

“Èyí tí mo yàn ni,” mo ní.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Ẹ̀gbọ́n ti bi mí bóyá èmi ni mo yan èyí tí mò ń fín. Èsì rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ.